Orin Ní Í Ṣáájú Ọ̀tẹ̀

Orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀. Àwọn tó pa òwe yìí mọ̀ pé kí iná tó sọ lórí òrùlé ẹnikẹ́ni, ẹnì kan á ti dá orin, àwọn mìíràn á ti gbè é, àwọn ọmọdé á sì ti máa fi í ṣeré lójú pópó. Ohun tí a bá ti fi orin sọ kì í tini lójú mọ́. Ẹni tí kò lè là á mọ́lẹ̀ pé òun kórìíra aládùúgbò òun lè fi ijó sọ ọ́, kí gbogbo àwùjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ìkòtún sọ̀rọ̀ lórí orin tí ẹ ń gbọ́, tí ẹ ń jó sí, tí ẹ sì ń náwó fún.

Ní Ìkòtún, ẹni tí kò wá orin lọ, orin á wá a wá. Dánfó tó ń lọ sí Cele ń kọ tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń wọ Ìjẹ̀gùn ń kọ tirẹ̀, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá ènìyàn kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì nítòsí ọjà ti gbé sípíkà síta láti àárọ̀. Àwórì ló tẹ ìlú yìí dó, ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá rin ọjà Ìkòtún já á gbọ́ Ègùn, á gbọ́ Íbò, á gbọ́ Haúsá, á sì gbọ́ Yorùbá oríṣiríṣi kó tó yọ sí òdìkejì. Sípíkà kan náà ló ń kọrin fún gbogbo wọn. Bí orin kan bá wá bú ẹ̀yà kan, ẹni tó ń gbè é wà nídìí sípíkà, ẹni tí orin ń bú ń ta tòmátì níwájú rẹ̀.

Mi ò sọ pé kí olórin dákẹ́. Yorùbá kò fìgbà kan sọ bẹ́ẹ̀. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, kí Gẹ̀lẹ̀dé tó jó lọ́sàn-án, akọrin rẹ̀ tí à ń pè ní ẹ̀fẹ̀ á ti kọ́kọ́ jáde lóru, á fi orin tú àṣírí ìlú: ẹni tó ṣẹ̀, ẹni tó rẹ́ aláìní jẹ, ìjòyè tó ṣi agbára lò. Ìlú fún un láyè láti sọ ọ́, ẹni tó bá sì kan mọ̀ pé a kì í tìtorí rẹ̀ bá ẹ̀fẹ̀ jà. Ní ọdún 2001 ni UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dé mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ṣe ni agbára tí a gbé lé ẹ̀fẹ̀ lọ́wọ́ wà fún. Níbẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Orin tó bá ìwà wí, a lè fèsì sí i. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lórin pé alága kó owó ìlú jẹ, alága lè kó ìwé ìṣirò síta, ó lè dá owó padà, ó lè yíwà padà. Ṣùgbọ́n bí orin bá ní olè ni irú àwọn báyìí láti ilé wọn wá, kí ni wọ́n fẹ́ fi fèsì? Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgàndó lánàá, tí kò tíì lajú, ti wà lára àwọn tí orin náà dá lẹ́bi.

Nítorí náà, bí orin tuntun bá dé, kí ẹ tó gbè é, ẹ bi í léèrè: ṣé ìwà ló ń bá wí ni, àbí ẹ̀yà? Ẹ má gba ìlù láàyè kó bá yín dáhùn. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù àgídìgbo; ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè kejì wà tí mo fẹ́ràn ju ti àkọ́kọ́ lọ: ta ni olórin náà ń bá wí, ará ilé rẹ̀ ni àbí ará ìta? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Olóògbé Hubert Ogunde, àgbà òṣèré, mọ èyí. Ní 1964, nígbà tí ìjà òṣèlú ń fa ilẹ̀ Yorùbá ya, ó gbé eré àti orin Yorùbá Ronú jáde. Kò lọ wá ẹ̀yà mìíràn dá lẹ́bi. Yorùbá ni, Yorùbá ló sì bá wí. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè S. L. Akíntọ́lá fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ jákèjádò ẹkùn náà, ó sì di 1966, nígbà tí ológun gbàjọba, kí wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Kó tó di ìgbà náà, Ogunde ti fi eré mìíràn fèsì, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Òtítọ́ Korò. Ẹni tó bá ń bá ará ilé rẹ̀ wí máa ń san owó rẹ̀. Ẹni tó bá ń bú ará ìta, owó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn níwájú orí.

Kì í ṣe pé kí a má kọrin nípa ìyà tó ń jẹ ẹlòmíràn lókèèrè. Ní ọjọ́ 16, oṣù Òkúdù, ọdún 1976, àwọn ọmọ ilé-ìwé tú síta ní Soweto, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn níwèé. Ọlọ́pàá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yìnbọn lù wọ́n. Nígbà tó di 1977, Sonny Okosun, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀dó, ti gbé Fire in Soweto jáde ní Nàìjíríà níbí. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ ibi tí Gúúsù Áfíríkà wà nínú àwòrán ayé mọ orúkọ Soweto nítorí orin yẹn. Àwọn òbí wa jó sí i níbi ìgbéyàwó, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń jó sí. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè ní orin: kò ní kí a kórìíra ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ rẹ̀, ohun tí ìjọba kan ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ.

Okosun kú sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 24, oṣù Èbìbì, ọdún 2008. Oṣù yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Bó ṣe wà lórí àìsàn tó pa á, ní Alexandra, ní ìlú Johannesburg, àwọn èèyàn dúdú bíi tiwa ti dìde sí àwọn àjèjì tó ń bá wọn gbé, ará Sìmbábúwè, ará Mòsáńbíìkì, ará ibi gbogbo, wọ́n ń lé wọn kúrò nílé. Ó ràn dé àwọn ìlú mìíràn. Ènìyàn 62 ló kú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá: nínú àwọn 62 yẹn, 21 ló jẹ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà gan-an.

Ó yẹ kí Ìkòtún mọ ọ̀rọ̀ yìí ju àdúgbò mìíràn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà ń wá sí ìjọ Synagogue níbí. Àwọn ará ibí ló ń gbà wọ́n sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ló ń ta oúnjẹ fún wọn, àwọn ló ń bá wọn ṣẹ́ owó. Nígbà tí ilé àlejò ìjọ náà wó ní ọjọ́ 12, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, ọdún 2014, ènìyàn 116 ló bá a lọ, ọmọ Gúúsù Áfíríkà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kò tíì pé ọdún kan sí i tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé àjèjì ní Durban. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2019, olórin wa Tiwa Savage sì kọ̀, kò lọ síbi eré tó yẹ kó ṣe ní Johannesburg. Mo kí i fún un. Ṣùgbọ́n ní Èkó níbí, àwọn kan sáré lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ní ti Gúúsù Áfíríkà ni, ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Òkò ọjà náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó bani lẹ́rù jù. Ní Rùwáńdà, olórin kan wà tó ń jẹ́ Simon Bikindi. Ìlú-mọ̀ọ́ká ni, ohùn rẹ̀ dùn. Ní 1994, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ẹ̀yà Tutsi nípakúpa, rédíò RTLM ń gbé orin rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ilé ẹjọ́ àgbáyé tó jókòó ní Arusha dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 fún un ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 2008. Kì í ṣe orin ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tó fi gbohùngbohùn sọ láti inú ọkọ̀, pé kí wọ́n pa Tutsi, ló bá a. Ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ rí i pé wọ́n lo orin rẹ̀ nínú ìpolongo tó ti àwọn ènìyàn sí ìpànìyàn. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó múlé tì wá ló ti ṣẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2018. Ẹni tó bá ní orin lásán ni, kó rántí pé adájọ́ jókòó gbọ́ orin Bikindi ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀.

Àwa náà ti rí tiwa. Nígbà ìbò gómìnà Èkó ní ọjọ́ 18, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2023, wọ́n lé àwọn kan kúrò níbi ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ti Íbò. Èébú ti ń fò lórí fóònù láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, láti ìhà méjèèjì, a sì fi ìlù sí òmíràn. Mo fẹ́ kí olúkúlùkù òbí ní Àlímọ̀ṣọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ọmọ òun wà lára àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ síra wọn.

Ìkórìíra kan tún wà tí a kì í kà sí ìkórìíra, èyí tí ènìyàn ní sí awọ ara tirẹ̀. Fela kọrin lórí rẹ̀ ní 1976, Yellow Fever ni ó pè é, ó ń bá àwọn tó ń bóra wí. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó di ẹrù náà ru obìnrin jù. Ẹni tó ń ta ìpara, ọkọ tó ń yin obìnrin pupa ju ìyàwó rẹ̀ lọ, olórin tó jẹ́ pé pupa nìkan ló mọ̀ ọ́n kì, gbogbo wọn ló jọ ṣe é. Ẹ̀yin ìyá, bí olórin bá ń ki ọmọge pupa lóde àríyá, tí adúmáadán ọmọ yín jókòó tì yín, ẹ ránṣẹ́ sí olórin kó ki adúmáadán náà. Kò ní kọ̀. Owó yín ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ lè ṣe bó bá fẹ́ fi ẹ̀yà àlejò yín kan ṣe ẹ̀sín: ẹ dáwọ́ owó dúró, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un ní ohùn rere. Ní gbọ̀ngàn àríyá Yorùbá, kò sí òfin tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ọmọ, ẹ má kàn gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó túmọ̀ ohun tí olórin ń wí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ èébú tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ti Okosun, kí ẹ sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soweto.

Ẹ̀yin olórin kéékèèké tó ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin ni mo fi sẹ́yìn nítorí ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Ẹ ń wá ohun tí ẹ máa kọ. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, onílé ní London kì í fẹ́ fún ènìyàn dúdú nílé. Wọlé Ṣóyínká kọ ewì Telephone Conversation lórí rẹ̀, gbogbo wa kà á ní ilé-ìwé, a bínú. Ó di 1968 kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka irú ẹ̀ léèwọ̀ nínú fífi ilé háyà. Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 pẹ̀lú lòdì sí kí a fi ẹ̀yà fìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹ lọ jókòó ní ọ́fíìsì àjẹ́ńtì ilé kan ní òpópónà Ìkòtún sí Ìgàndó, kí ẹ gbọ́ ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó wá gba ilé kí wọ́n tó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, kí ẹ wo ojú ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, kí ẹ sì wo ojú onílé tó ní ara wa ni òun fẹ́. Ará ilé wa ni onílé yẹn. Ẹ kọ ọ́ lórin.