Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ ti rí i rí. Ẹ gbin àgbàdo funfun nìkan. Nígbà tí ẹ bó o, ẹ rí hóró pupa díẹ̀ láàrin funfun. Níbo ni ó ti wá?

Ó wá láti oko ẹlòmíràn. Ìrùkẹ̀rẹ̀ orí àgbàdo ni akọ. Irun ẹnu ọmọ àgbàdo ni abo. Lẹ́búlẹ́bú máa ń jáde lára ìrùkẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Bí ó bá bà lé irun, hóró a yọ. Àwọ̀ ni ojú rí. Àwọn àbùdá mìíràn wà tí ojú kò lè rí.

Àpẹẹrẹ kan láti Amẹ́ríkà

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi àgbàdo ṣe ọtí líle tí wọ́n ń dà mọ́ epo ọkọ̀. Ní ọdún 2011, ìjọba ibẹ̀ fàyè gba àgbàdo kan tí a ti yí àbùdá rẹ̀ padà fún iṣẹ́ yìí. Ohun kan wà nínú hóró rẹ̀ tí ń yára sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Èyí dára fún ọtí. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń lọ àgbàdo jíjẹ bẹ̀rù: bí ó bá dàpọ̀ mọ́ tiwọn, ìyẹ̀fun wọn lè má dì mọ́. Ìyá alákàsà mọ̀ pé bí ògì kò bá dì, ọjà ti bàjẹ́.

Nítorí náà, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbìn ín gbin àgbàdo mìíràn yí i ká, kí wọ́n fọ ẹ̀rọ ìkórè mọ́, kí wọ́n sì kó o tààrà lọ sí ilé iṣẹ́ ọtí.

Bí a ṣe lè dáàbò bo irúgbìn wa

1. Ẹ jẹ́ kí oko irúgbìn jìnnà sí oko àgbàdo mìíràn, ó kéré tán mítà 200.
2. Bí àyè kò bá sí, ẹ bá aládùúgbò yín sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan gbìn ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ẹnì kejì, kí àgbàdo méjèèjì má baà tanná pọ̀.
3. Ẹ mú irúgbìn láti àárín oko, ẹ má mú ti etí oko.
4. Ẹ gbọn àpò àti agbọ̀n dáadáa kí ẹ tó kó irúgbìn sí i.

Ẹni tí irúgbìn rẹ̀ bàjẹ́ yóò ra òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí ó ṣọ́ tirẹ̀ kò ní tọrọ.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú àgbàdo kiri?
2. Kí ló dé tí àwọn tí ń lọ àgbàdo fi bẹ̀rù?
3. Ta ni ó gbin àgbàdo nítòsí oko yín? Ìgbà wo ni ẹ máa bá a sọ̀rọ̀?