Ṣé ṣáláńgá ni ọkọ mi ti kó àrùn?

Ìbéèrè: Ọkọ mi ń tọ ọyún, ó sì máa ń pariwo bó bá ń tọ̀. Ó ní ṣáláńgá ọjà ni òun ti kó o. Èmi ò rí nǹkan kan lára mi. Ṣé kí n gbà á gbọ́?
Ìyàwó ilé, Uso

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ó jọ àtọ̀sí, ṣáláńgá kọ́ ló sì ń fà á. Kòkòrò rẹ̀ kì í pẹ́ kú bó bá ti kúrò lára èèyàn. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, títí kan ti ẹnu. Aboyún tó ní in sì lè kó o sí ọmọ lójú nígbà ìbí.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì bá a jà. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní in tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ ké lè má jẹ́ ẹni tó kó o wálé. Ẹ jọ lọ ṣe àyẹ̀wò ní Federal Medical Centre, Ọ̀wọ̀, kí wọ́n yẹ ti HIV náà wò. Kápúsù tẹtirasáíkílììnì tí gbogbo wa mọ̀ ní kẹ́míìsì ò ká a mọ́. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni dókítà sábà máa ń fún un. Bí ẹnì kan bá dá gba ìtọ́jú, èkejì á tún kó o ràn án. Ẹ jìnnà síra fún ọjọ́ méje lẹ́yìn tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti gbà á.