Àbúrò Mi, Òjò Ló Ń Ṣe Òkun Lọ́ṣọ̀ọ́

Nígbà tí gbogbo èèyàn bá ń ká aṣọ kúrò lórí okùn, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń fi ọ̀rá bo igbá wọn, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ mi máa ń yún mi láti ya fọ́tò. Òkun tí oòrùn ń ràn lé lórí dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ta ni kò tíì yà á? Òkun tí òjò ṣú lé lórí ni mo fẹ́ kí o lọ bá.

Mo mọ̀ pé àwa ará Old Garage ní Òṣogbo kò ní òkun. Odò Ọ̀ṣun la ní. Èkó tí òkun wà jìnnà, ó wà lẹ́yìn Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Ìbàdàn. Nítorí náà, ilé ni kí o ti kọ́kọ́ dán ọwọ́ ẹ wò. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, yà sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan ní Old Garage, kí o ya iná mọ́tò tó ń tàn yanran lórí títì ọlọ́dà tó tutù, àti ọlọ́kadà tó fi ọ̀rá ṣe agbádá. Kò ná ẹ ní kọ́bọ̀, ojú ẹ á sì tètè mọ bí ìmọ́lẹ̀ òjò ṣe ń ṣe.

Ó wá kan ọjọ́ tí wàá lọ. Wo ohun tí àjọ NiMet sọ nípa ojú ọjọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ìjì tó le máa ń jà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti nǹkan bí oṣù kẹrin, ó tún máa ń jà nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Oṣù kẹjọ ni kò yẹ kí o jẹ́ kó tàn ẹ́. Òjò a máa sinmi díẹ̀ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ìgbì kì í bá a sinmi, torí ìjì tó ń jà ní ọ̀nà jíjìn ní gúúsù òkun Atlantic ló ń tì í bọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ Kuramo Beach ní Victoria Island, tó gbé ilé, tó sì gbé èèyàn lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń bá òkun ṣeré. Láàrin èmi àti ẹ, mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n pàápàá kò gbọdọ̀ wọ omi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá débẹ̀, má tíì yọ kámẹ́rà. Dúró lókè fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o máa wo omi. Àwọn ìgbì ńlá sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn wá ni. Omi lè pa rọ́rọ́ kí wọ́n tó dé. Wo ibi tí yanrìn ti tutù tó dúdú dé, kí o dúró jìnnà sẹ́yìn ibẹ̀. Má sì kọ ẹ̀yìn sí omi torí sẹ́lífì.

Ti mànàmáná ńkọ́? Bó bá kọ, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí àrá bá sán kí o tó ka ọgbọ̀n, kó ẹrù ẹ, ó di inú mọ́tò tàbí inú ilé. Má sá sábẹ́ igi àgbọn. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn àrá tó gbẹ̀yìn kí o tó jáde. Fọ́tò mànàmáná tí ò ń wá, inú mọ́tò yẹn náà ni wàá ti rí i: gbé fóònù dúró sójú wíńdò, ya fídíò, kí o dá a dúró níbi tó ti tàn, kí o yọ ọ́.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Bí o bá dúró létíkun Èkó tí o kọjú sí omi, gúúsù lo kọjú sí. Ìlà oòrùn wà lápá òsì ẹ, ìwọ̀ oòrùn lápá ọ̀tún. Ìjì ńlá tiwa yìí sì sábà máa ń gba ìlà oòrùn wọlé. Nítorí náà, ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ. Oòrùn á ti wà lọ́tùn-ún, á máa tàn sára òjò tó ń ṣú bọ̀ lósì. Kọ ẹ̀yìn sí oòrùn báyìí, kí o wo òsì: ojú ọ̀run á dúdú bí aró, ìfóófòó omi á funfun báláú, ọkọ̀ apẹja tó wà lórí yanrìn á yọ kedere, gbogbo ọ̀dà ara ẹ̀ á jí. Bí òṣùmàrè bá fẹ́ yọ, apá ibẹ̀ náà ni. Kì í pẹ́ o! Bí atẹ́gùn tútù bá ti fẹ́ lu ojú ẹ, tí yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ti parí, wọlé.

Lórí fóònù, fi ìka kan ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú ìkùukùu, kí o fa àmì oòrùn kékeré tó bá yọ wálẹ̀ díẹ̀. Òkùnkùn òjò á hàn bó ṣe rí. Bí kámẹ́rà ńlá ni, 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá ló ń mú omi tó ta sókè dúró sójú kan.

Bí ìwọ náà bá máa wà nínú fọ́tò, aṣọ ńkọ́? Fi àdìrẹ aláró sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò á gbé e mì. Kàmpálà olómi ọsàn tàbí olómi ewúro tó ń tàn ni kí o wọ̀. Ìwọ ọmọ Òṣogbo, ta ló fẹ́ kọ́ ẹ ní kàmpálà? Wíìgì, jọ̀ọ́, jẹ́ kó wà nílé. Di ṣúkú.

Bí àwọ̀ bá kọ̀ tí kò yọ, sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun. Akinbode Akinbiyi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Oxford lọ́dún 1946, fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn ní etíkun Bar Beach ní Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà onífíìmù, ó sì pe àwọn fọ́tò náà ní Sea Never Dry. Dúdú àti funfun ni wọ́n. Wá wọn wò, wàá rí i pé èèyàn ló ń wò ju ìgbì lọ. Bar Beach náà kò sí mọ́ bó ṣe wà. Yanrìn ìlú tuntun Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí.

Kámẹ́rà ẹ ńkọ́? Ọ̀rá tí a fi ń bo irun bá a bá ń wẹ̀, tó ní rọ́bà létí, ni ẹ̀wù òjò tèmi. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò tí ẹ́síì ti ń fẹ́, fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú báàgì fún ìgbà díẹ̀, torí ooru ìta á mú kí ojú ẹ̀ ṣú. Bí o bá sì ra dòdò Ìkirè lọ́nà (ta ni kì í rà á?), fọ ọwọ́ dáadáa kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí o bá délé, fi aṣọ rírọ̀ tí o rì sínú omi lásán, tí o fún gbẹ, nu iyọ̀ òkun kúrò lára kámẹ́rà. Má jẹ́ kí iyọ̀ náà sùn mọ́jú lára ẹ̀.

Bí ìrìn àjò bá gbé ẹ dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó lọ́dún 1947 tí òkun sì ń jẹ, jọ̀ọ́, kí àwọn èèyàn kí o tó gbé kámẹ́rà sókè. Ilé ẹnì kan ni ògiri tó wó yẹn. Bi wọ́n bóyá o lè yà á. Bí wọ́n bá ní rárá, dúpẹ́, kí o kọjú sí omi.