BÍ SÓLÀ KÉKERÉ ṢE LÈ PA BÁTÌRÌ MỌ́TÒ WA MỌ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tó wà nínú àgbàlá ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a kì í rántí títí di ọjọ́ tí yóò dójú tì wá. Ohun náà ni bátìrì mọ́tò.

Ọdún Iléyá 2023 ni ojú mi là sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ ó rántí pé lẹ́yìn 29 May ọdún náà, owó epo bẹ́ńtírò fò láti nǹkan bí 200 náírà, ó kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo ṣírò owó epo láti Kano dé ilé, mo fi mọ́tò sílẹ̀ sí àgbàlá, èmi àti àwọn ará ilé mi wọ bọ́ọ̀sì ńlá lọ. Ọjọ́ 24 ni a lò. Òru ọjọ́ tí a padà dé gan-an ni ara àbíkẹ́yìn mi gbóná, tí gìrì sì mú un. Mo sáré sídìí mọ́tò, mo yí kọ́kọ́rọ́, ohùn kẹ́-kẹ́-kẹ́ ni mo gbọ́. Mo tún yí i, kò dáhùn mọ́ rárá. Mọ́tò tí kì í lo kílọ́ọ̀ṣì ni, nítorí náà títì kò wúlò. Aládùúgbò mi, ọmọ Hausa, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Adaidaita Sahu, ló dìde lójú oorun tó gbé wa dé ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ẹ̀gbẹ̀rún ohun tí mo rò láàárín ìgbà tí mọ́tò kọ̀ àti ìgbà tí kẹ̀kẹ́ dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pe riwáyà wa, ọmọ Ọ̀ffà kan. Ó wọn bátìrì náà, ó mi orí. Ó ní, “Ààfáà, bátìrì yín kò kú lójijì o. Ebi ló pa á.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa.

1. KÍ LÓ Ń PA BÁTÌRÌ TÓ DÚRÓ JẸ́Ẹ́?

Bátìrì tó wọ́pọ̀ nínú mọ́tò wa, òjé àti áṣíìdì ló wà nínú rẹ̀. Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1859, ọ̀nà kan náà ló sì ṣì ń gbà ṣiṣẹ́ títí di òní. Yàrá mẹ́fà ni ó ní, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fólítì méjì wá, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní bátìrì fólítì 12.

Nígbà tí mọ́tò bá dúró, ọ̀nà méjì ni agbára ń gbà jò kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀nà kìíní, bátìrì fúnra rẹ̀ a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí a kò tilẹ̀ so ó mọ́ ohunkóhun, ooru sì ń mú kí èyí yá sí i. Ẹni tó bá mọ bí ooru oṣù April ṣe ń rí ní Kano, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọ̀nà kejì, aago mọ́tò, áláàmù, rédíò àti kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kì í sùn. Ohun tí wọ́n ń jẹ kéré gan-an, ṣùgbọ́n tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ohun tí wọ́n ń jẹ jẹ́ ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún áńpíà kan. Ní wákàtí 24, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé áńpíà kan fún wákàtí kan. Ní ọjọ́ 24, ó ti tó nǹkan bíi 23, nínú bátìrì tó jẹ́ pé 60 péré ni gbogbo ohun tó lè gbà. Bí a bá fi èyí tí ń rọ̀ fúnra rẹ̀ kún un, bátìrì náà ti ń lọ sí ìdajì. Bátìrì tuntun lè fi ìdajì jí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n bátìrì bíi tèmi tó ti lo ọdún mẹ́ta, kò lè ṣe é.

Èyí tó burú jù ni pé bí ebi bá pẹ́ lára bátìrì, ohun funfun kan tí òyìnbó ń pè ní sulphate a máa dì mọ́ àwọn àwo òjé inú rẹ̀. Bí ó bá ti le tán, ṣáàjì kì í ráyè wọlé dáadáa mọ́. Nítorí náà, fífi bátìrì sílẹ̀ láìyó ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, àní bí a bá tilẹ̀ tún padà gba ṣáàjì fún un.

2. OHUN TÍ SÓLÀ KÉKERÉ LÈ ṢE, ÀTI OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Nílé kéú, a mọ akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ọ̀kan a máa tún èyí tó ti há sórí kà díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Èkejì a fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, a wá máa fi òru kan ṣoṣo wá ohun tó sọnù. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kìíní ni sólà kékeré ń ṣe: ó ń dá èyí tó jò lónìí padà lónìí.

Sólà wáàtì 10 tí a ṣe fún fólítì 12 a máa mú nǹkan bí ìdajì áńpíà jáde nígbà tí oòrùn bá mú. Ní Òkè Ọya níbí, a lè ka oòrùn gidi sí wákàtí márùn-ún lóòjọ́, ó kéré tán. Ìdajì lọ́nà márùn-ún jẹ́ méjì ààbọ̀. Ohun tó ń jò lóòjọ́ kò ju ọ̀kan àti díẹ̀ lọ. Owó tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ, oníṣòwò kankan kò sì ní pe ìyẹn ní àdánù.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Sólà kékeré kò lè jí ẹ́ńjìnnì, nítorí ọgọ́rùn-ún áńpíà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni sítátà ń fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni kì í ṣe ohun tí a fi ń jí bátìrì tó ti ṣófo. Bátìrì tó bá ṣófo dé ìdajì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí sólà wáàtì 10 kó tó yó. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣáàjì kí ó yó dáadáa, kí sólà tó gba ìtọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ sólà kékeré, kì í ṣe àjíǹde.

Ẹ sì rántí oṣù October 2024, nígbà tí wáyà iná ńlá tó ti Ugwuaji lọ sí Apir bàjẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Òkè Ọya wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ púpọ̀. Oníṣáàjì tí kò ní jẹnẹrétọ̀ kò rí nǹkan ṣe. Oòrùn kò já.

3. OHUN TÍ A Ó RÀ

Ohun mẹ́rin péré ni: sólà, kọ̀ntíróólà, fúùsì àti wáyà.

Sólà: wáàtì 10 tó fún mọ́tò kékeré. Fún bọ́ọ̀sì tí bátìrì rẹ̀ tóbi, ẹ ra wáàtì 20. Ọkọ̀ ẹrù tó ń lo bátìrì méjì pọ̀ ní fólítì 24 nílò sólà àti kọ̀ntíróólà ti fólítì 24. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn sólà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ òtítọ́. Ẹ gbé mítà dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n nínú oòrùn ọ̀sán níwájú ẹni tó ń tà á. Tí a kò bá tíì so ó mọ́ nǹkan, sólà fólítì 12 gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 20 sí 22 hàn. Oníṣòwò tí òṣùwọ̀n rẹ̀ bá pé kò ní bínú.

Kọ̀ntíróólà: àwọn kan máa ń so sólà tààrà mọ́ bátìrì. Èyí léwu. Bí bátìrì bá ti yó tí iná ṣì ń wọ̀ ọ́, tí ó sì kọjá fólítì 14 àti ààbọ̀, omi inú rẹ̀ yóò máa hó, yóò sì máa gbẹ. Lóru ẹ̀wẹ̀, iná lè gba ara sólà padà jáde. Kọ̀ntíróólà ló ń dí ọ̀nà méjèèjì. Ẹ rí i pé ti bátìrì òjé ni a yàn lórí rẹ̀, kì í ṣe ti lithium.

Fúùsì: áńpíà 5 tó. Ara wáyà pupa ni a ó fi sí, nítòsí orí bátìrì, kí wáyà má bàa gbiná bí ó bá fara kanra níbì kan.

4. BÍ A Ó ṢE SO Ó PỌ̀

Ẹ fi sólà sórí òrùlé ibi tí òjìji igi tàbí ògiri kì í dé, kí ó kọjú sí gúúsù, kí ó sì dagun díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Fífi sí inú mọ́tò lẹ́yìn gíláàsì kò dára tó, nítorí gíláàsì ń dín agbára oòrùn kù, pàápàá èyí tó dúdú.

Ẹ so bátìrì mọ́ kọ̀ntíróólà ná, pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó so sólà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú u, sólà ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà lè ba kọ̀ntíróólà jẹ́. Kí ẹ tó gbé mọ́tò jáde, ẹ rántí yọ wáyà kúrò lórí bátìrì.

Ẹ má ṣe tan ìṣáná, ẹ má sì mu sìgá nítòsí bátìrì tó ń gba ṣáàjì, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gbiná. Bí áṣíìdì bá kàn yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀.

5. BÍ A Ó ṢE MÁA WÒ Ó

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí oòrùn tó yọ, ẹ fi mítà wọn bátìrì. Àkókò yìí ló dára jù, nítorí mọ́tò ti sinmi láti alẹ́ àná, sólà kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá fi 12.6 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yó. 12.4 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2 jẹ́ ìdajì. 12.0 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣáàjì. Bí sólà bá ń ṣiṣẹ́ tí òǹkà náà sì ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bátìrì ti gbó tàbí kí nǹkan kan máa jẹ ẹ́ jù nínú mọ́tò. Ẹ pe riwáyà.

Nígbà ọyẹ́, eruku a máa bo sólà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní rí oòrùn. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún lówùúrọ̀, kí ara rẹ̀ tó gbóná. Fún bátìrì tó ní ìdérí, ẹ yẹ omi rẹ̀ wò lóṣooṣù. Omi bátìrì nìkan ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe áṣíìdì.

ÌPARÍ

Láti September 2023 ni sólà wáàtì 10 ti wà lórí òrùlé ilé ìdáná wa. Ní Iléyá 2025, a tún lọ sílé ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo bẹ aládùúgbò mi yẹn kan náà pé kó máa bá mi nu eruku orí rẹ̀. Nígbà tí a dé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí kọ́kọ́rọ́. Mo ti so irú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ náà, nítorí ohun tó ṣe fún ọmọ mi kò ṣeé fi owó san.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó ń gbé ìdálẹ̀, tí ẹbí rẹ̀ jìnnà sí i lóru, kò yẹ kí ó máa wá agbára ní ọjọ́ tí ó nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA NÍLÉ

1. Ọ̀nà méjì wo ni agbára ń gbà jò kúrò nínú bátìrì mọ́tò tó dúró?
2. Kí nìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ so sólà tààrà mọ́ bátìrì?
3. Èwo ni a ó kọ́kọ́ so, èwo ni a ó sì kọ́kọ́ tú?
4. Bátìrì kan fi 12.2 hàn lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?