Ọjà Lórí Àga Adájọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Sandton

Ìfáàrà

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó ni ọrọ̀, tí Ó sì ń fi í dán ẹrú Rẹ̀ wò. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad (SAW), àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Kò sí àwùjọ tí kò ní òṣùwọ̀n tí ó fi ń mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú. Fún ọjọ́ pípẹ́, ọwọ́ ẹ̀sìn ni òṣùwọ̀n náà wà. Lóde òní, ohun méjì ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni ìwà ṣekárími, èyí tí ń fi ohun tí ènìyàn rà díwọ̀n iyì rẹ̀. Èkejì ni ìmọ-tara-ẹni-nìkan, èyí tí ń sọ fún un pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ kankan lára rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere ni Sandton, ní ìlú Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè South Africa.

Sandton àti Aládùúgbò Rẹ̀

Ọdún 1969 ni wọ́n sọ Sandton di ìlú tí ó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Inú orúkọ àdúgbò méjì, Sandown àti Bryanston, ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ. Ní 1973, wọ́n ṣí ilé ìtajà ńlá tí à ń pè ní Sandton City. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi àárín Johannesburg sílẹ̀ lọ síbẹ̀, títí tí ọjà tí wọ́n ti ń ta ìpín ilé-iṣẹ́ náà fi kó lọ ní 2000.

Ní òdìkejì ọ̀nà márosẹ̀ M1 ni Alexandra wà, àdúgbò àwọn adúláwọ̀ tí a tẹ̀dó ní 1912, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé inú ahéré onípáànù tí ó fún mọ́ra. Ní 2004, wọ́n gbé ère Nelson Mandela, tí gíga rẹ̀ tó mítà 6, kalẹ̀ sí gbàgede tí ó wà láàrin àwọn ilé ìtajà Sandton. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Alexandra ni Mandela gbé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, nígbà tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò ní lọ́wọ́. Ọjà mọyì ère olókìkí. Kò rí ti ọ̀dọ́ tálákà tí ń gbé lónìí níbi tí olókìkí náà ti gbé rí.

Ìròyìn tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2022 fi yé ni pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará South Africa ni ó ni ohun tí ó ju ìdá ọgọ́rin lọ nínú gbogbo ọrọ̀ orílẹ̀-èdè náà.

Bí Ẹ̀sìn Ṣe Pàdánù Àga Rẹ̀

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà kọ ẹ̀sìn sílẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, ó lé ní ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tí ó pe ara wọn ní Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn Mùsùlùmí kò tó ìdá méjì. Orúkọ ẹ̀sìn kù. Àṣẹ rẹ̀ lórí owó ni ó lọ.

Ẹ̀bi kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sìn fúnra wọn. Ìjọ Dutch Reformed fi ìwé mímọ́ gbe ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lẹ́sẹ̀, títí tí àjọ àwọn ìjọ Reformed lágbàáyé fi kéde ní Ottawa, ní 1982, pé ẹ̀kọ́ òdì ni. Ẹ̀sìn tí ó bá ti aninilára lẹ́yìn kò lè rí ẹni gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ bá olówó wí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kò tẹrí ba. Nínú ọdún 1969 kan náà tí Sandton di ìlú, Imam Abdullah Haron ti Cape Town kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá nítorí pé ó dúró ti àwọn tí a ń ni lára. Ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dájọ́ pé àwọn ọlọ́pàá ni ó fa ikú rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1994, àwọn tí a ti fi dukìá dù pẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ ìgbé ayé ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ọjà sọ fún wọn pé rírà ni òmìnira. Ní nǹkan bí 2012, òkìkí kàn nípa àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò tálákà, tí à ń pè ní izikhothane, tí wọ́n ń dáná sun aṣọ àti bàtà olówó iyebíye ní gbangba, kí ayé lè mọ̀ pé owó kò wọ́n wọn. Ẹni tí kò ní pàápàá ti gba òṣùwọ̀n ọjà.

Ìdájọ́ Islam

Islam kò kórìíra òwò. Ànábì (SAW) ṣòwò, oníṣòwò sì ni Nana Khadija. Sùúrà al-Jumu'a pàṣẹ kí á pa ọjà tì nígbà tí a bá pe ìrun, ó sì yọ̀ǹda kí á padà wá arísìkí lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà ní àyè tirẹ̀. Àyè adájọ́ ni kì í ṣe tirẹ̀.

Sùúrà at-Takathur kìlọ̀ nípa fífi ọ̀pọ̀ dukìá fagagbága títí dé ibojì. Nínú Sùúrà al-Qasas, ẹ̀ṣẹ̀ Kárúnà kì í ṣe pé ó lówó. Ó ní ìmọ̀ òun ni ó mú ọrọ̀ náà wá, nítorí náà kò rí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ìmọ-tara-ẹni-nìkan gan-an nìyẹn. Sàká wá láti já irọ́ yìí: ìdá kan nínú ogójì owó tí ó pé òṣùwọ̀n, tí ó sì pé ọdún, ẹ̀tọ́ tálákà ni, kì í ṣe ìtọrẹ. Ànábì (SAW) sì kọ́ni pé ìgbàgbọ́ ẹni tí ó yó, tí aládùúgbò rẹ̀ sùn lébi, kò pé. Yorùbá náà mọ̀ ọ́n: bí olówó kan bá wà láàrin òtòṣì mẹ́fà, òtòṣì ti di méje.

Àgbálọgbábọ̀

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn ni èyí. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko ní Èkó lé àwọn tálákà lórí. Ilé olówó ni ó pọ̀ lórí ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tí ó yáwó èlé ra aṣọ ẹbí, àti ẹni tí ó fi Hajj ṣe fáàrí, òṣùwọ̀n Sandton ni wọ́n ń lò.

Ohun tí ó yẹ kò fara sin. Kí a máa ṣírò sàká lọ́dọọdún, kí a sì kó o jọ fún àwọn tí ó tọ́ sí, bí àjọ SANZAF ti ń ṣe ní South Africa láti 1974. Kí àwọn àáfà máa béèrè bí olówó ṣe rí owó rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sí sàfù iwájú. Kí òbí máa yin ọmọ fún òótọ́ ju aṣọ lọ.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí ọrọ̀ di olúwa lórí ẹrú Rẹ̀. Àmín.