Kí Ilé Tó Parí

Bàbá kan wà ní Abẹ́òkúta tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó iṣẹ́ àkànṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, Àró, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà nílùú náà, ló máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, torí ohun tí wọ́n mọ orúkọ yẹn mọ́ ni èébú. Bàbá á jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán.

Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ nípa àárẹ̀ ọpọlọ ní Ìlú Ọba, gba àkóso ilé ìwòsàn Àró. Ilé ò tíì parí, aláìsàn sì wà nílẹ̀. Ẹlòmíì ì bá jókòó ti àwọn bíríkìlà títí wọ́n á fi kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Abúlé ni Lámbò gbà lọ.

Ó bẹ àwọn ará abúlé tó wà nítòsí pé kí wọ́n gba aláìsàn sílé bí ayálégbé, kí wọ́n máa gbowó ilé. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ta ni ò ní bà? Àdéhùn ni wọ́n jọ ṣe: aláìsàn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹbí kan dání, tí á máa dáná, tí á máa fọṣọ, tí á sì máa mú un wá gbàtọ́jú láàárọ̀. Bó bá dìrọ̀lẹ́, wọ́n á padà sí abúlé.

Ibí yìí ni bàbá ti máa ń pẹ́. Ó ní kí wọ́n wo ẹrù tí àdéhùn kan ṣoṣo sọ̀ kalẹ̀: ọkàn onílé balẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúyẹ́, ẹni tó mọ bí aláìsàn ṣe ń fẹ́ láfún rẹ̀ ló sì ń rò ó fún un.

Nígbà tí èrò pọ̀ sí i, ìṣòro mìíràn yọjú: àyè ò tó. Ilé ìwòsàn yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fẹ ilé wọn, omi ẹ̀rọ sì dé abúlé. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà mọ́ra, àwọn tí ẹlòmíì ì bá kà sí ọ̀tá. Ètò náà kárí abúlé mẹ́rin.

Lójú bàbá, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹni tó ya páláànù tán kó tó pe ará àdúgbò, ìkéde ló ń ṣe, ẹ má pè é ní ìpàdé. Bó bá jẹ́ kànga ẹ̀rọ lẹ fẹ́ gbẹ́, ó ní ẹ bi obìnrin tó ń ru korobá kẹ́ ẹ tó bi baálẹ̀. (Baálẹ̀ kì í pọnmi.) Ẹ ṣe ìwọ̀nba tó ṣeé lò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó, ẹ gbọ́ àròyé wọn, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó ná owó tó kù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu kọ́ là ń tẹ̀ lé o: ní Àró, ẹni tí ò mú ẹbí dání ò wọ abúlé.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ kan gbé páláànù ìsọ̀ ọjà kan wá bá a. Bàbá ò tíì tú u tó fi bi í léèrè ibi tí òjò máa ń gbà wọ ọjà náà. Ọmọ náà dákẹ́. Bàbá dá ìwé rẹ̀ padà fún un, ó ní kó lọ bi àwọn ìyá alátà tó ń patẹ níbẹ̀.