Ta Ni A Ń Rántí? Ẹ̀kọ́ fún Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ Ogun

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kíní lọ́dọọdún, Ààrẹ a máa lọ sí National Arcade ní Àbújá wa yìí láti fi òdòdó sí ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú. Ìbọn a dún, a ó sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ohun tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ nípa ọjọ́ náà kò ju pé a ti àwọn ọ̀nà kan pa. Bí ọmọ wa bá wá bi wá pé, "Ta ni ẹ ń rántí?" kí ni a ó wí? Ẹ jẹ́ kí a jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Àwọn tí ó jà ní òkèèrè. Nígbà àtijọ́, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni ọjọ́ ìrántí wa, nítorí ọjọ́ náà ni ogun àgbáyé kìíní parí ní 1918. Nígbà ogun Hitler, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni a kó lọ sí Burma láti bá àwọn ará Japan jà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọmọ ọdún 16. Ní 1944 ìbọn bà á ní ẹ̀bá odò Kaladan, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Àgbẹ̀ kan tí í ṣe Mùsùlùmí ni ó fi í pamọ́, tí ó ń bọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi dé. Ó padà sílé, ó kọ ìwé nípa rẹ̀, ó sì kú ní 2012.

2. Àwọn tí ó jà nílé. Ogun abẹ́lé wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 1967. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kíní 1970, Philip Effiong mú ìwé ìtúúbá Biafra wá fún Yakubu Gowon ní Èkó. Ọjọ́ náà ni a wá mú ṣe ọjọ́ ìrántí. Kí a má sì ṣe rò pé ẹ̀yà kan wà níhìn-ín, èkejì wà lọ́hùn-ún. Benjamin Adékúnlé darí ọmọ ogun ìjọba. Victor Bánjọ kó ọmọ ogun Biafra dé Orè ní oṣù Kẹjọ 1967, Biafra kan náà ni ó sì yìnbọn pa á ní oṣù tí ó tẹ̀lé e.

3. Àwọn tí ó lọ là ìjà. Láti 1960 ni àwọn sójà wa ti lọ sí Congo lábẹ́ àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Láti 1990 ni wọ́n sì ti lọ sí Liberia. Gbogbo wọn kọ́ ni ó padà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí kàn. Láàárín 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ilẹ̀ Ireland jà lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi máa délé, àwọn ará ilé wọn ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì kan náà jà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé wọn kò fi fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn.

Nítorí náà, kí a fi èyí sọ́kàn: sójà kọ́ ni ó ń dá ogun sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ogun ń pa. A lè kórìíra ogun, kí a má sì gbàgbé ẹni tí ó lọ. Ní Àbújá níbí, ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó jà ní ìhà kejì. Kí a má ṣe fi ogun náà fọ́nnu fún ọmọ wa, kí a má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí a ra àmì ìrántí tí a ń tà, kí a sì bẹ opó sójà tí ó wà ládùúgbò wò.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn.

Ìbéèrè fún ilé:
(a) Èéṣe tí a fi yí ọjọ́ ìrántí padà?
(b) Ta ni ó lọ sí ogun nínú ẹbí wa? Ta ni kò padà?